Kíkì Ìbọn àti Kíkì Kátíríìjì: Yíyan Ẹ̀rọ Tí Ó Yẹ

 

Ìbéèrè kan ni ètò ti òní dá lé. Bí ẹni tí ó ní ìbọn bá fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kátíríìjì tí ó ti yìn tán kì nínú ilé rẹ̀, irú ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí ó rà? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé Ìtàgúnmódì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ ti ń bá yí tipẹ́tipẹ́ ni. Ta ni ó yẹ kí ó wọn ẹ̀tù? Báwo ni yóò ṣe wọ̀n ọ́n? Kí ni ó sì lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣì í wọ̀n? Ojú, ọwọ́ àti ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nídìí ìbéèrè wọ̀nyí. Òfin ìlú sì wà nídìí wọn pẹ̀lú.

Kí a tó lọ jìnnà, ó dára kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò máa lò wò, nítorí pé ohùn ni ó ya ìtumọ̀ wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀tù, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni ìyẹ̀fun tí iná ń ràn nínú ìbọn. Ẹtu, tí ohùn rẹ̀ dúró ní àárín, ni ẹran ìgbẹ́ tí ọdẹ ń torí rẹ̀ gbé ẹ̀tù kiri. Ọta ni ohun tí ń jáde lẹ́nu ìbọn. Ọ̀tá ni ẹni tí kò fẹ́ ire fún ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a sì ń lò fún fífi ẹ̀tù àti ọta sínú ìbọn ni kì. Ìró kan náà ni a ń gbọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ oríkì: a ń ki ìbọn, a sì ń ki ọdẹ. Ìyàtọ̀ kan wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ẹni tí ń ki ọdẹ lè gbàgbé ìlà kan, kí ó sì padà sí i. Ẹni tí ń ki ìbọn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ìbọn bá ti dún, ó ti dún náà nìyẹn.

Ìtàgúnmódì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Àtàkúnmọ́sà, tí Òṣú jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kòkó ń ṣe dáradára lórí rẹ̀, góòlù sì wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe irú ilẹ̀ kan nínú ìwádìí tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ̀ jáde ní 1962. Níbi tí oko kòkó bá ti pààlà pẹ̀lú igbó, òkété àti ọ̀yà kì í jìnnà síbẹ̀; níbi tí ẹran bá sì wà, ọdẹ kì í ṣàì sí.

Ìbọn tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jùlọ láti ayé àwọn bàbá wọn ni ṣakabùlà. Ẹnu ni a ti ń ki ìbọn yìí. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìkìbọn wò ó bóyá inú ìbọn ṣófo. Yóò da ẹ̀tù láti inú àdó sínú òṣùwọ̀n kékeré tí ó mọ̀, kì í ṣe pé kí ó máa dà á láti inú àdó sí ẹnu ìbọn tààrà. Yóò da ohun tí ó wọ̀n náà sínú ìbọn, yóò fi ohun ìdí tẹ̀ lé e, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọta yóò tó wọlé, tí ohun ìdí mìíràn yóò sì dí i lórí kí ó má baà dà jáde. Ohun tí yóò mú iná wá ni ó ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Ọdẹ kì í ṣe méjì nínú nǹkan wọ̀nyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ìkẹyìn ṣe ìṣáájú. Bí ó bá ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹnìkan bá a sọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì pínyà, irin ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Lẹ́nu ìbọn kíkì, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn rárá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìbọn mìíràn wà lẹ́yìn ṣakabùlà. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì tí ń gbé ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí kì, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèngbé jẹ́ olórí ogun wọn. Ìró ìbọn ogun náà ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun ọ̀hún ní Kírìjì. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó jáde ní 1921, bí ìbọn wọ̀nyí ṣe da àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn láàmú kí àwọn náà tó rí irú rẹ̀ rà. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní oṣù Kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ibùdó ogun náà tó tú pátápátá.

Ìbọn tuntun yìí mú ìyípadà kan wá tí ó kọjá pé ó ń yára dún. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà ni ó ń ki ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìbọn oníkátíríìjì ti fi iṣẹ́ kíkì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, nínú ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní òkè òkun. Bí kátíríìjì rẹ̀ bá tán, tí ọ̀nà tí a fi ń kó o wá sì dí, ìbọn náà kò yàtọ̀ sí kùmọ̀ mọ́. Nínú àìní yìí ni èrò àtitún kátíríìjì kì ti jáde káàkiri ayé: ọ̀nà láti gba iṣẹ́ ìwọ̀n padà sọ́wọ́ ara ẹni.

Kí ni kátíríìjì? Kò ju ṣakabùlà kékeré tí a ti kì sílẹ̀ lọ. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú ti ìbọn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́: kòròfo idẹ, ìṣáná kékeré tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù, àti ọta. Bí ìbọn bá dún, ìṣáná ti jó, ẹ̀tù ti jó, ọta sì ti lọ. Kòròfo nìkan ni ó ṣẹ́kù, òun sì ni ó wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀tù ti mú kí ó wú díẹ̀. Ẹni tí yóò bá tún un lò ní láti fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí ó ti ìṣáná tí ó ti jó jáde, kí ó fi òmíràn sí i, kí ó wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, kí ó sì tẹ ọta mọ́ ọn lẹ́nu. Nítorí fífún àti títẹ̀ wọ̀nyí ni a ṣe nílò ẹ̀rọ. Ti kátíríìjì ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike tàbí páálí, ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ń tọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ inú ilé jùlọ. Ní 1884, John Barlow dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń ta irinṣẹ́ tí ó rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ ni a fi ń fún un pọ̀, nǹkan kan ni ó sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní 1943, Fred Huntington bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ RCBS ní California. Ní 1958, Richard Lee gbé irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kan jáde tí kò nílò ju òòlù lọ. Nínú irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lọ́jà lónìí ti jáde, ọ̀nà mẹ́ta ni a sì lè pín wọn sí.

Èkínní ni ẹ̀rọ oníṣẹ́-kan. Ihò kan ṣoṣo ni ó ní lókè, níbi tí a ti ń fi mọ́ọ̀dù irin sí. Bí a bá fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀pá kan yóò gbé kòròfo lọ sókè sínú mọ́ọ̀dù náà, iṣẹ́ kan yóò sì parí. Bí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kejì, àfi kí a yọ mọ́ọ̀dù náà kí a fi òmíràn rọ́pò. Èkejì ni ẹ̀rọ olórí-yíyí, tí ó gba mọ́ọ̀dù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, tí a sì ń yí orí rẹ̀ láti ìkan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ oníṣẹ́-púpọ̀. Nínú èyí, kòròfo bíi mélòó kan ni ó ń gba iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó bá ti kún tán, gbogbo ìgbà tí a bá fa ọwọ́ rẹ̀ ni odindi kátíríìjì kan ń jáde.

Ẹni tí ó bá wo ìyára nìkan yóò sáré mú ẹ̀kẹta. A kò lè sọ pé ó ṣìnà pátápátá, nítorí pé ẹni tí ń yin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọta níbi ìdíje lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní àkókò àtimáa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì yẹ kí a fi kún un pé ẹ̀rọ oníṣẹ́-púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ojú ní láti máa ṣọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀tù kò bá dà sínú kòròfo kan, tàbí tí ó dà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ọta lè ti bò ó mọ́lẹ̀ kí olùṣe tó fura. Ní ti ẹ̀rọ oníṣẹ́-kan, gbogbo kòròfo ni a ó kọ́kọ́ fún. Gbogbo wọn ni a ó fi ìṣáná sí. A ó wá tò wọ́n sínú pátákó oníhò, ó sábà máa ń jẹ́ àádọ́ta, a ó sì wọn ẹ̀tù sí wọn. Kí ọta kankan tó wọlé, a ó gbé iná sókè wọn, a ó wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀tù inú rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, yóò hàn kedere. Bí ó bá sì hàn, a lè dà á nù kí a tún un wọ̀n. Ibi ìdúró yìí ni ẹ̀rọ oníṣẹ́-kan fi ju àwọn yòókù lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìlọ́ra rẹ̀ gan-an ni ààbò rẹ̀.

Bí a bá ti gbà pé oníṣẹ́-kan ni a ó rà, kí ni a ó wò lára rẹ̀? Èkínní ni ìrísí rẹ̀. Àwọn kan dà bí lẹ́tà O, tí irin yí i ká. Àwọn kan dà bí lẹ́tà C, tí iwájú wọn ṣí sílẹ̀. Ti C rọrùn fún ọwọ́ láti wọlé, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá le, ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, kí ohun tí a ń tẹ̀ sì wọ́. Ti O kì í yẹ̀ bọ̀rọ̀. Èkejì ni ohun tí a fi ṣe é: irin líle wúwo ju alumíníọ́mù lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ fún iṣẹ́ agbára. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá tí ń lọ sókè sódò. Kò gbọ́dọ̀ máa mì nínú ihò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ihò mọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gbà ni ìdá méje nínú mẹ́jọ íǹṣì, pẹ̀lú ìlà yíyí 14 nínú íǹṣì kan. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ní ìwọ̀n yìí lè ra mọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yòówù tí ó bá wù ú. Ẹ̀karùn-ún ni ibi tí ìṣáná tí ó ti jó ń bọ́ sí, nítorí pé ìdọ̀tí rẹ̀ ní òjé nínú, kò sì yẹ kí ó máa fọ́n ká ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá. Ní ìkẹyìn, tábìlì tí a óò dè é mọ́ gbọ́dọ̀ wúwo, nítorí pé ẹ̀rọ dáradára lórí tábìlì tí ń mì kò sàn ju ẹ̀rọ burúkú lọ. Ẹni tí kò bá lówó lè ra àlòkù, torí pé ohun tí ó lè bàjẹ́ lára irú ẹ̀rọ yìí kò pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ náà: òṣùwọ̀n. Ní Ìtàgúnmódì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa góòlù, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ń ra góòlù kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n kékeré ni ó ń lò, nítorí pé ohun tín-ín-tín lè sọ èrè di àdánù. Ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní grain ni a fi ń wọn ẹ̀tù kátíríìjì. Ẹgbẹ̀rún méje rẹ̀, èyíinì ni 7,000, ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìwọ̀n yìí kan náà ni ó wà nídìí áńsì tí ayé fi ń ta góòlù, tí ó jẹ́ 480 grain. Bí ẹni tí ń wọn góòlù bá ṣe àṣìṣe, owó ni yóò lọ. Bí ẹni tí ń wọn ẹ̀tù bá ṣe é, ohun tí yóò lọ kò ṣeé rà padà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ ìwé ìwọ̀n fún oríṣiríṣi ẹ̀tù àti ọta, tí ẹni tí ó gbọ́n kò sì jẹ́ fi èrò ara rẹ̀ rọ́pò ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ǹjẹ́ ọdẹ Ìtàgúnmódì lè ra ẹ̀rọ yìí kí ó sì máa lò ó? Ká ní ọmọkùnrin kan láti ìlú náà ń gbé ní Texas. Ó rí i pé kátíríìjì ti gbówó lórí nílé, ó sì pe àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú oko o. Ẹ̀rọ kan wà níhìn-ín tí a fi ń tún kátíríìjì kì. Ṣé kí n gbé e bọ̀ fún yín?” Bí bàbá náà bá jẹ́ ẹni tí ó mọ òfin, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ pé, “O ṣeun, ọmọ mi, wàá dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ eré ìdárayá lọ́dọ̀ yín, ẹ̀wọ̀n ni níhìn-ín.”

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí òfin gbà láyè láti ní ìbọn lè ki kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Bí ó bá fẹ́ máa tà á ni yóò gba ìwé àṣẹ olùṣe-ọta. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ka ṣíṣe ìbọn àti ọta, àti títò wọ́n pọ̀, léèwọ̀ fún ẹni tí kò gba àṣẹ ìjọba. Ṣakabùlà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, nítorí pé ẹni tí ó ní in gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù Kẹfà 2006 nípa ìbọn kéékèèké kan ọta pẹ̀lú. Àwọn kan lè sọ pé òfin yìí le jù fún ọdẹ tí ń ṣọ́ oko rẹ̀, àríyànjiyàn náà sì tọ́ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi yí i padà, òfin ni.

Ewu kan sì tún wà tí ó fi ara pamọ́ sínú èbùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù tí wọ́n ń lò nínú kátíríìjì òde òní kì í ṣe irú ẹ̀tù dúdú tí a ń lò nínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù aláìléèéfín ni, agbára rẹ̀ sì ju ti dúdú lọ fíìfíì. Bí ọdẹ kan bá tú u láti inú kátíríìjì, tí ó sì fi òṣùwọ̀n tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sínú ṣakabùlà, irin ìbọn náà kò ní lè gbà á. Yóò fọ́ ni, ojú àti ọwọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà. Orúkọ kan náà tí èdè wa fún nǹkan méjèèjì ni ó lè tan ni jẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ọ̀rọ̀ kún un: ẹ̀tù dúdú, ẹ̀tù aláìléèéfín. Fífi ọ̀rọ̀ pààlà dáadáa lè gba ẹ̀mí là.

Níbikíbi tí òfin bá ti gba kíkì kátíríìjì láyè, àwọn ìlànà kan wà tí kò yí padà. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, nínú agolo rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára. Sìgá àti fìtílà oníná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Gíláàsì ìdáàbòbò gbọ́dọ̀ wà lójú. Ẹni tí ó ti mu ọtí, tàbí tí oorun ń kùn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìṣáná àti ẹ̀tù gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àpótí tí a tì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Bí àlejò bá sì dé, iṣẹ́ ni a ó dá dúró. A kì í wọn ẹ̀tù kí a máa tàkúrọ̀sọ.

Ẹ̀yin olùwòran, bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a óò rí i pé ọdẹ àtijọ́ pẹ̀lú àdó àti ọ̀pá ìkìbọn rẹ̀, àti ẹni tí ń lo ẹ̀rọ oníṣẹ́-kan nínú ilé rẹ̀ ní Texas, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣe ohun kan, wọ́n ń wò ó, kí wọ́n tó ṣe èkejì. Ẹ̀rọ tí ó yẹ ni èyí tí kò jẹ́ kí olùṣe sáré ju ojú rẹ̀ lọ. Ní ti ọdẹ Ìtàgúnmódì, kò nílò láti ra ẹ̀rọ náà kí ó tó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Kí ó gba ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀, kí ó ra kátíríìjì rẹ̀ níbi tí òfin fọwọ́ sí, kí ó sì máa wo inú ìbọn kí ó tó kì í. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀.